Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Ra Páàtì: Bí A Ṣe Ń Wá Àìsàn Iná àti Ti Ẹ́ńjìnnì nínú Mazda MX-5 Àkọ́kọ́

Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tó bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún kì í sábà kú lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣàìsàn: lónìí kò ní tètè jí, lọ́la iná dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú, lọ́túnla á kú sójú títì, ẹ óò tún ta kọ́kọ́rọ́, á jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Irú àìsàn yìí ló ń náni lówó jù. Ẹni tó ni mọ́tò á ra kọ́ìlì, á ra pọ́ǹpù, á ra sẹ́ńsọ̀, nígbà tó bá sì yá, bóòtù kan tó dípẹtà nínú búùtù ni yóò jẹ́.

Mazda MX-5 àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, èyí tí wọ́n ń pè ní Miata ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tà ní Japan lábẹ́ orúkọ Eunos Roadster. Níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ti Chicago, ní oṣù kejì ọdún 1989, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í han ayé. Hiroshima ni wọ́n ti ń ṣe é, irú àkọ́kọ́ yìí sì parí ní 1997. Ẹ́ńjìnnì 1.6 ló bá a wá, 1.8 sì dé nígbà tó kan ọkọ̀ ọdún 1994. Bí ẹ bá ń gbé ní Britain, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Eunos tí wọ́n kó wọlé láti Japan lẹ ní, torí ọ̀tún ni sítíárìn wà ní ilẹ̀ méjèèjì. Ti 1.6 ni ọ̀rọ̀ mi dá lé jù. Níbi tí 1.8 bá ti yàtọ̀, màá sọ ọ́.

Òfin kan ni mo ń tẹ̀ lé: páàtì tí mi ò bá tíì wọ̀n, mi ò ní rà á. Kì í ṣe ahun. Páàtì tuntun tẹ́ ẹ fi sí i láìmọ̀dí lè da ọ̀rọ̀ rú, torí òmíràn wà tó jẹ́ pé inú páálí ló ti bàjẹ́ wá, ẹ ó sì máa wá àìsàn méjì níbi tí ọ̀kan wà.

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ ní mítà tó ń ka fóòlìtì, óòmù àti áńpìà. Èyí tí kò wọ́n rárá tó. Ẹ wá iná LED kékeré kan tó ti ní rèsísítọ̀ lára, wáyà tín-ínrín tó gùn tó láti búùtù dé iwájú ọkọ̀, wáyà kúkúrú kan, iná táímìn, àti gééjì tí wọ́n fi ń wọn kọmpíréṣàn. Ẹ wá ìwé àwòrán wáyà ọkọ̀ yín pẹ̀lú, èyí tó bá ọdún àti orílẹ̀-èdè rẹ̀ mu, nítorí ti Amẹ́ríkà àti ti Britain kò rí bákan náà.

Tẹ́sítà oníbọ́ọ̀bù táwọn rewáyà fẹ́ràn dára fún fíúsì àti iná ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ má fi gún wáyà tó lọ sí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Bọ́ọ̀bù yẹn ń fa iná ju ohun tí wáyà sẹ́ńsọ̀ lè gbé lọ. Mítà ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tú bátìrì, orí nẹ́gétíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kẹ́ ẹ dá padà kẹ́yìn. Bí ọkọ̀ yín bá ní àpò afẹ́fẹ́ nínú sítíárìn, bí àwọn ti Amẹ́ríkà ṣe ní in láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi mítà kan wáyà tó wà nínú rọ́bà yẹ́lò. Iná tó ń jáde lẹ́nu kọ́ìlì sì pọ̀ tó láti gbé yín ṣubú, nítorí náà ẹ má di wáyà púlọ́ọ̀gì mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, bó ti wù kí wọ́n máa ṣe é ní gáréèjì tẹ́ ẹ mọ̀.

Bátìrì, ṣáájìn àti áàtì

Ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá dá yín lójú pé ẹ́ńjìnnì ni ọ̀rọ̀ wà. Brain box ọkọ̀ yìí kò lè ronú dáadáa bí iná tó ń jẹ bá ń dínkù.

Inú búùtù lápá ọ̀tún ni bátìrì wà. Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti Hiroshima jẹ́ irú tí wọ́n dí pa, ó sì ní họ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé gáàsì rẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ jáde. Bí ẹni tó ni ín ṣáájú yín bá ti gbé bátìrì lásán síbẹ̀ láìsí họ́ọ̀sì, ẹ gbé e kúrò, kẹ́ ẹ wo irin abẹ́ rẹ̀. Ásíìdì á ti máa jẹ ẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wáyà áàtì ti so mọ́ bọ́dì.

Ẹ wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú. Fóòlìtì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún. 12.2 túmọ̀ sí pé ó kù bí ìdajì. Bó bá wálẹ̀ ju 12 lọ, ẹ kọ́kọ́ ṣáájì rẹ̀, nítorí ohunkóhun tí mítà bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, irọ́ ló lè jẹ́. Ẹ ní kí ẹnì kan ta kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà ṣì wà lórí bátìrì: kò yẹ kó wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.7. Bó bá kọjá 15, ẹ pa ọkọ̀ náà kíá, rẹ́gúlétọ̀ inú ọ́tánétọ̀ ti bàjẹ́, ó sì lè ba brain box jẹ́. Bó bá dúró sórí 12 tó ń wálẹ̀, ẹ má tíì dá ọ́tánétọ̀ lẹ́bi. Ẹ wo bẹ́ẹ̀lìtì rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọn ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ fúnra rẹ̀. Bí 14.3 bá wà níbẹ̀, tó jẹ́ 13.2 ló dé búùtù, ojú ọ̀nà ni iná ti ń ṣòfò: ó lè jẹ́ orí wáyà, ó sì lè jẹ́ bóòtù tó di fíúsì ńlá mú nínú àpótí fíúsì abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó wá kan áàtì. Iná tó bá jáde láti pọ́sítíìfù gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí nẹ́gétíìfù, bí omi tó wọ àgbàlá ṣe gbọ́dọ̀ rí gọ́tà gbà jáde. Bátìrì wà lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, nítorí náà bọ́dì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà ìpadà. Ipẹtà ọgbọ̀n ọdún sì wà lórí gbogbo oríkèé ọ̀nà yẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi óòmù wọn áàtì, mítà á sì sọ fún wọn pé ó dára. Kò dára. Okùn wáyà kan ṣoṣo tó kù nínú ogún á fi óòmù tó mọ́ hàn, ṣùgbọ́n kò lè gbé iná kíkísítátà. Ìgbà tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn tọ́ọ̀pù sílíńdà, tí wọ́n ń pè ní CAS, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí láìjí. Ẹ yí mítà sí fóòlìtì DC. Ẹ fi wáyà gígùn yẹn so ẹnu dúdú mítà mọ́ orí nẹ́gétíìfù bátìrì gan-an, ìyẹn irin òjé tó yọ sókè, kì í ṣe kíláǹpù tó dì í mú. Ẹ fi ẹnu pupa kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tó mọ́. Kí ẹnì kejì wá ta kọ́kọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí mítà bá kà nígbà yẹn ni iná tí ọ̀nà ìpadà ń jẹ. Bó bá jẹ́ 0.2 tàbí 0.3, kò burú. Bó bá jẹ́ 0.8 tàbí kó lé ní 1, ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ wá gbé ẹnu pupa lọ sórí bọ́dì nínú búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù áàtì bátìrì, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Bí 0.8 yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, inú búùtù ni àìsàn wà. Bó bá ti di 0.05, búùtù ò jẹ̀bi, wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì níwájú ni kẹ́ ẹ tú, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dán, kẹ́ ẹ dè é padà, kẹ́ ẹ fi gírísì bò ó. Iye owó tó ná yín: òfo.

Ọ̀nà kan náà ni ti pọ́sítíìfù. Ẹ fi ẹnu kan sórí pọ́sítíìfù bátìrì, èkejì sórí bóòtù ńlá tó wà lẹ́yìn kíkísítátà, lábẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ há, ẹ óò ní láti wọ abẹ́ ọkọ̀. Orí sítáàǹdì ni kí ọkọ̀ wà o, kì í ṣe orí jáàkì lásán, kí gíà sì wà ní fírì. Bó bá ju 0.5 lọ nígbà tó ń yí, wáyà tàbí orí rẹ̀ ni. Bí iná tó dé kíkísítátà bá pé, tó jẹ́ pé «kíláàkì» kan ṣoṣo ló ń dún tí kò yí, bàbà inú sólénọ́ìdì rẹ̀ ló ti jẹ tán. Ìgbà yẹn lẹ lè wá ra kíkísítátà pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Bátìrì tó ń kú mọ́jú

Ẹ yọ kíláǹpù nẹ́gétíìfù, kẹ́ ẹ fi mítà sáàárín òun àti bátìrì, nínú ihò 10 A. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì rí i pé iná búùtù ti kú: ẹ lè fi nǹkan tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má ta kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà bá wà báyìí, ẹ óò jó fíúsì inú rẹ̀. Bó bá kà ju mílíáńpìà 50 lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi wálẹ̀. Rédíò tí ẹnì kan so sódì ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí áláàmù.

Áláàmù yẹn gba kí n dúró díẹ̀ fún àwọn tó wà ní Britain. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí ni wọ́n so ìmọ́bíláísà, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí olè lè jí ẹ́ńjìnnì, mọ́ lẹ́yìn tó ti kúrò ní ilé iṣẹ́, nítorí ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó so ó gé wáyà kíkísítátà, ti ìgníṣọ̀n tàbí ti pọ́ǹpù epo lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi àpótí dúdú kékeré kan sáàárín, ó sì fi kíláǹpù pílásítíìkì tó ń gé awọ wáyà pa wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ tó ń kú lójijì tí ó sì ń jí padà fúnra rẹ̀, tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì ń tàn, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo máa kọ́kọ́ wò kí n tó wo ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ rọra máa mi ìdì wáyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ bá mì tí ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, òun ni. Ẹ jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé.

Ó ń yí, kò jí

Ẹ wo ọ̀pá RPM, èyí tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí hàn, nígbà tẹ́ ẹ bá ń ta kọ́kọ́rọ́. Bó bá ń mì díẹ̀, ìgnáítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tan kọ́ìlì tó sì ń pa á, ń gba ìròyìn. Bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ṣeé ṣe kí CAS tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kú, kò sì ní sí sípáàkì, epo pàápàá ò ní jáde, torí CAS ló ń sọ fún brain box ibi tí ẹ́ńjìnnì dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ síbi àpótí kékeré tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àpótí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọkọ̀ náà. Ẹ ṣí ideri rẹ̀, orúkọ ihò kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ẹ fi wáyà kúkúrú so F/P pọ̀ mọ́ GND, kẹ́ ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON láìta á. Pọ́ǹpù epo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn àga. Bí kò bá kùn, ẹ yẹ fíúsì wò, kẹ́ ẹ yẹ rilé (swíìsì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá) wò, kẹ́ ẹ wọn ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù: bí fóòlìtì 12 bá dé ibẹ̀ tí áàtì rẹ̀ sì dára, pọ́ǹpù ti kú.

Bó bá kùn, ẹ fi wáyà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ ta kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ó ń jí kó tó kú lójú ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀, bó bá wá dúró báyìí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú 1.6, ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, tó wà lẹ́yìn fílítà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́, ilẹ̀kùn yìí á ṣí, swíìsì kan nínú rẹ̀ á sì fún rilé pọ́ǹpù ní áàtì. Nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lórí kọ́kọ́rọ́ ní START, ọ̀nà mìíràn ni rilé yẹn ń gbà rí iná. Ẹ bá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn ló kù tó ń gbé pọ́ǹpù dúró. Bí swíìsì bá bàjẹ́, tàbí bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibòmíràn wọlé tí ilẹ̀kùn ò fi ṣí dáadáa, pọ́ǹpù á dákẹ́, ẹ́ńjìnnì á kú.

Kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ yẹn, ẹ tẹ rọ́bà ńlá tó ti ibẹ̀ lọ sí ẹnu tírọ́tù, kẹ́ ẹ fi dígí wo abẹ́ rẹ̀, torí abẹ́ níbi tí ojú kò dé ló máa ń là sí. Ẹ rí i pé ideri ọ́ìlì àti ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì wà nípò wọn, kí wọ́n sì di ibẹ̀ pa. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ilẹ̀kùn kò kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ fílítà, ẹ yọ wáyà F/P, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON, kẹ́ ẹ fi ìka ti ilẹ̀kùn náà. Bí pọ́ǹpù bá kùn tí ilẹ̀kùn sì ń lọ ń bọ̀ láìhá, kò sí ohun tó ṣe swíìsì. Ti 1.8 kò ní ilẹ̀kùn yìí, wáyà gbígbóná ló fi ń wọn afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí dà á láàmú.

Ẹ jẹ́ kí brain box sọ tẹnu rẹ̀

Nínú àpótí DIAGNOSIS kan náà, ẹ so TEN pọ̀ mọ́ GND, kẹ́ ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà á fi iná check engine ṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ti Britain àti ti Japan kò ní iná yẹn, nítorí náà ẹ fi LED sáàárín B+ àti FEN, kí ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù rẹ̀ wà ní B+. Bí iná bá tàn pẹ́, mẹ́wàá nìyẹn, bó bá tàn fírí, ọ̀kan ni: gígùn kan pẹ̀lú kúkúrú méjì, 12 nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ 1996 àti 1997 ti Amẹ́ríkà ti kúrò nínú èyí, OBD2 ni tiwọn, ìyẹn irú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ skánà kà.

Nọ́ńbà 02 àti 03 jẹ́ ìròyìn CAS, 08 jẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, 09 jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ooru omi, 12 jẹ́ ti tírọ́tù, 15 àti 17 jẹ́ ti ọ́síjìn nínú ẹgsọ́ọ̀sì. Àmọ́ ẹ má tìtorí nọ́ńbà ra páàtì. Ohun tí 09 ń sọ ni pé ìròyìn láti ojú ọ̀nà yẹn kò bọ́gbọ́n mu, bóyá sẹ́ńsọ̀ ni, bóyá wáyà ni. Ẹ wọ̀n ọ́n: nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù bíi 20°C, óòmù sẹ́ńsọ̀ yẹn máa ń tó bíi 2,500, nígbà tó bá gbóná dé 80°C, bíi 300. Bó bá bá èyí mu, wáyà ni kẹ́ ẹ tọ̀ lọ. Ẹ tún rántí pé bẹ́ ẹ bá ti yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì CAS nígbà tẹ́ ẹ ń wọn áàtì, ẹ̀yin lẹ fi nọ́ńbà tirẹ̀ síbẹ̀.

Kí nọ́ńbà lè parẹ́, ẹ yọ nẹ́gétíìfù bátìrì fún bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà. Ẹ wa ọkọ̀, kẹ́ ẹ tún kà á. Èyí tó bá padà wá ni tòótọ́.

Ó ń fi púlọ́ọ̀gì mẹ́ta ṣiṣẹ́

Kọ́ìlì méjì ló wà nínú àpò kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ń fún sílíńdà 1 àti 4 ní iná, èkejì ń fún 2 àti 3. Èyí ń dín iṣẹ́ kù púpọ̀. Bí iná táímìn bá ń ṣẹ́jú lórí wáyà 1 àti 4, tó sì kú lórí 2 àti 3, kò sí ohun tó kàn púlọ́ọ̀gì: kọ́ìlì ni, tàbí ìgnáítà. Ẹ wọn kọ́ìlì, óòmù ọ̀nà kékeré rẹ̀ jẹ́ bíi 0.8 sí 0.9, láti ẹnu wáyà kan sí èkejì rẹ̀ sì jẹ́ bíi 11,000 sí 15,000. Bí àwọn méjèèjì bá pé, ìgnáítà la óò máa fura sí.

Bó bá jẹ́ sílíńdà kan ṣoṣo ló kú, wáyà púlọ́ọ̀gì ló sábà máa ń jẹ́ nínú ọkọ̀ yìí, pàápàá bó bá ń jáàkì nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ tírọ́tù ní gíà ńlá tó sì dákẹ́ nígbà tó dúró. Ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn lálẹ́, ẹ fi ìgò afúnmi wọ́n omi díẹ̀ sí àwọn wáyà náà, ẹ ó rí iná búlúù tó ń fò jáde bí wáyà bá ti là. Óòmù wáyà tó dára jẹ́ bíi 16,000 fún mítà kan ní gígùn. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ni NGK BKR5E-11 tàbí BKR6E-11, àlàfo ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ 1.1 mm.

Bí iná bá pé, ẹ tẹ́tí sí nọ́sùlù tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ẹnu skúrúdẹ́rẹ́fà sára rẹ̀, kẹ́ ẹ fi etí sí ìdí skúrúdẹ́rẹ́fà náà: «kẹ́-kẹ́-kẹ́» ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa ké. Èyí tó bá dákẹ́, ẹ wọn óòmù rẹ̀, 12 sí 16 ló yẹ. Bí ìyẹn náà bá pé, kọmpíréṣàn ló kù. Ẹ́ńjìnnì 1.6 tó ṣì lágbára ń kà tó 192 psi. Ìwé ilé iṣẹ́ kò gbà kó wálẹ̀ ju 135 lọ, kò sì gbà kí sílíńdà kan fi ju 28 lọ yàtọ̀ sí òmíràn. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ yọ, kí tírọ́tù ṣí gbalasa, kí bátìrì sì kún. Bí ọ̀kan bá kéré, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè, ríǹgì ni. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ni.

Sílóò tí kò dúró

RPM 850 ni sílóò rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tírọ́tù. Kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun, ẹ so TEN mọ́ GND, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kẹ́ ẹ pa fáànù àti iná, kẹ́ ẹ fi iná táímìn wo púlì: 10° ló yẹ kí táímìn, ìyẹn ìgbà tí sípáàkì ń jáde, wà. Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ máa ń yí CAS kó lè di 14° nítorí agbára. Kò burú, àmọ́ ẹ dá a padà sí 10° títí ẹ ó fi rí àìsàn tẹ́ ẹ ń wá.

Bí táímìn bá dára tí sílóò sì ń lọ sókè sódò, họ́ọ̀sì fákúùmù ni mo ń wò. Ẹ rọra fi ìka dí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yí ohùn ẹ́ńjìnnì padà ni kẹ́ ẹ yọ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì tó ń ṣàn láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, tí mẹkáníìkì sì ti sọ pé kí wọ́n sọ gíà kalẹ̀ kí wọ́n lè pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn, ẹ ní kó dúró ná. Ẹ fi aṣọ nu abẹ́ CAS, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ tún wò ó. Rọ́bà róbótó kan wà nídìí CAS tó máa ń le, ọ́ìlì á gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, á sì jọ ti síìlì gan-an. Bóòtù kan ṣoṣo ló dì í mú. Ẹ sàmì sí ibi tó wà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, kí táímìn má baà yí.

Ariwo, àti púlì tó ń jó

«Tẹ́-tẹ́-tẹ́» láti orí ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù kì í ṣe nọ́ọ̀kì. Táàpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń lo ọ́ìlì láti fi gba àlàfo, ọ́ìlì tó ti gbó sì ń dí i. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dákẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì ń wo gééjì ọ́ìlì, ẹ mọ̀ pé ti àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń sọ òótọ́. Láti 1995 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tó kàn ń fi hàn bóyá ọ́ìlì ń lọ tàbí kò lọ, ọ̀pá rẹ̀ á sì dúró sójú kan.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ti púlì kírańkì nínú 1.6 àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, títí di bíi 1991. Imú kírańkì wọn kúrú, bí ẹni tó pààrọ̀ táímìn bẹ́ẹ̀lìtì kò bá sì ti di bóòtù rẹ̀ bó ṣe yẹ, ojú ibi tí irin kékeré tó ń ti púlì mọ́ kírańkì (tí wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́) jókòó sí á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé agbára ọkọ̀ á máa dínkù, táímìn kò ní dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí, púlì á sì máa jó bẹ́ ẹ bá wò ó láti iwájú nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ka ojú ihò tó wà lára àárín púlì: mẹ́rin túmọ̀ sí imú kúkúrú, mẹ́jọ túmọ̀ sí gígùn. Bó bá jẹ́ mẹ́rin tó sì ń jó, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má wà á lọ sílé. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnìkan, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Táímìn bẹ́ẹ̀lìtì fúnra rẹ̀, ní nǹkan bíi 100,000 kìlómítà, kò léwu tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yìí: bó bá já, ọkọ̀ á kú, ṣùgbọ́n fáàfù kì í bá písítìn jà.

Ti gbígbóná kò gùn. Bí pílásítíìkì orí rédíétọ̀ bá ti kúrò ní dúdú, tó ti di àwọ̀ búráùn bíi ti ẹrẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó la ẹnu. Rédíétọ̀ nìkan ni mo gbà kẹ́ ẹ rà láìwọ̀n nǹkan kan.

Ní ti iná iwájú tó ń dìde: bí ọ̀kan bá dìde tí kò tàn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti swíìsì. Wáyà rẹ̀ ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá dìde tàbí tó dùbúlẹ̀, inú awọ ló sì máa ń já sí, kò ní hàn síta. Ẹ tan iná, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tẹ wáyà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tó ti ń tẹ̀. Bí kò bá dìde rárá, bọ́tìnnì róbótó kan wà lórí mọ́tọ̀ rẹ̀ lábẹ́ rọ́bà. Ẹ yọ fíúsì mọ́tọ̀ náà ná, kó má baà gé yín níka, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí bọ́tìnnì yẹn títí iná yóò fi dìde, kẹ́ ẹ lè wa ọkọ̀ délé kí ilẹ̀ tó ṣú.